Mo sanwó kí wọ́n tún inú ilé bàbá wa tò kó tó di títà: bó ṣe rí fún wa ní Súrùlérè

Oṣù mẹ́jọ ni ilé bàbá wa fi wà lọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò dá owó gidi lé e. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin ni, kò jìnnà sí Bode Thomas ní Súrùlérè. Ogiri rẹ̀ le, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, atẹ́gùn ń gba iwájú wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde. Síbẹ̀, bí èjẹ́ńtì bá mú èèyàn wá, onítọ̀hún kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí á fi ní òun ń bọ̀. A ò ní rí i mọ́.

Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló kọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ yìí, pé lọ́hùn-ún wọ́n máa ń palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n á tò ó kí ojú ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀. Home staging ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan júwe obìnrin kan ní Yaba tó ń ṣe é, òun àti ọ̀dọ́kùnrin kan. ₦480,000 la jọ sọ ọ́ sí: iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọ̀dà, àti àga pẹ̀lú ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n máa yá wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọn ò gbé nǹkan kan wọlé. Àǹtí náà kàn ń rìn kiri, ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń tanná, ó ń ṣí ẹ̀rọ omi. Ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ilé yín dáa, àmọ́ ẹrù ló kù tó ń gbé inú ẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Àga méjìlá ló wà ní pálọ̀ látìgbà tí bàbá ti ń ṣèpàdé ẹgbẹ́ nílé. Fíríìjì méjì tó ti kú. Kàlẹ́ńdà ìsìnkú ìyá bàbá mi, ti ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ti ṣọ́ọ̀ṣì láti 2009. Aṣọ fèrèsé nípọn débi pé ọ̀sán àti alẹ́ ò yàtọ̀ síra. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi kó ẹrù.

Àwòrán bàbá ló dùn mí jù. Agbádá sányán ló wọ̀ nínú ẹ̀, ó dé abetí-ajá. Àǹtí náà ò fipá sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá rí ojú bàbá lára ogiri á máa rò pé ilé onílé lòun wà, pé kóun kí wọn kóun sì máa lọ. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó nu eruku ojú gíláàsì, ó fi aṣọ funfun wé e kó tó gbé e fún mi. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn fún un láé.

Wọ́n wá fi ẹ̀rọ lọ ilẹ̀ terrazzo náà. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ ilẹ̀ yẹn, àwọ̀ eérú ni mo mọ̀ ọ́n sí. Àṣé òkúta wẹ́wẹ́ funfun, dúdú àti pupa ló wà nínú ẹ̀! Wọ́n yọ gíláàsì fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ọjà Balógun kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àga funfun tí wọ́n yá wa àti òdòdó rọ́bà ni mo ka sí òfò. Àwọn mọ́kànlá ló wá wo ilé lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó dárúkọ wọn. Ẹ̀rọ omi ni wọ́n ń ṣí. Wọ́n ń bèèrè bóyá àgbàrá máa ń wọlé bójò bá rọ̀, wọ́n ń bèèrè mítà iná. Lọ́yà ẹni tó padà rà á ò wo pálọ̀ rárá. C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, ló ní ká gbé wá, àti ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga fi fún àwa ọmọ láṣẹ lórí ogún bàbá wa, torí pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, irú ilé bẹ́ẹ̀ ò lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ ni ara ọgbà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé THIS HOUSE IS NOT FOR SALE, BEWARE OF 419, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ káàkiri Èkó kí gbájúẹ̀ má baà ta ilé onílé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kun ọ̀dà mílíìkì bò ó. Òjò ńlá kan rọ̀, lẹ́tà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Tọkọtaya kan wá láti Ìkẹjà, wọ́n fẹ́ràn ilé náà gan-an. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ọkọ dúró, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀: NOT FOR SALE. Ìyàwó bi mí bóyá ẹbí ń jà lórí ilé. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò padà wá. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Àǹtí náà gba ẹ̀bi ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ọjọ́ mẹ́jọ kọjá kí kunlékunlé tó dé. Wọ́n ha á, wọ́n kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, wọ́n kun mílíìkì lé e lẹ́ẹ̀mejì. Kò yọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Ìsàlẹ̀ ogiri yàrá ẹ̀yìn ń rin, omi ń fà sókè láti ìpìlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn fẹ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i. Mo ní rárá, a ò ní fi àbùkù pamọ́ fọ́mọ ẹlòmíràn. Bíríkìlà ha ibẹ̀, ó tún un rẹ́, a sì sọ fún ẹni tó rà á. Ó yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀, kò sá.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún la ta ilé, iye rẹ̀ sì sún mọ́ ohun tí a kọ́kọ́ dá lé e. Bí mo bá tún ní ilé láti tà, obìnrin yìí náà ni màá pè. Màá sanwó ẹrù kíkó, ilẹ̀ lílọ̀, fèrèsé àti ọ̀dà, màá ní kó fi àga ẹ̀ sílẹ̀ ní Yaba. Bí ìkọ̀wé bá wà lára ọgbà tiyín, ẹ jẹ́ kí òjò kan rọ̀ sí i kí ẹ tó san owó tó kù.