SSD, RAM tàbí Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀ Mìíràn: Ìfiwéra fún Ẹni tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a ń lò ní ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti ọ́fíìsì kéékèèké ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun kí ó tó dé Computer Village ní Ìkẹjà gẹ́gẹ́ bí ẹrù Tòkunbọ̀. Dell OptiPlex 7010, tí ó jáde ní ọdún 2012, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, nítorí pé ó wọ́pọ̀, ó sì lágbára ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ká gbà pé RAM 4GB (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti hard disk 500GB (ibi tí ó ń tọ́jú fáìlì sí) ni ó wà nínú rẹ̀, pé ó ń wọ́ bí ìgbín, àti pé owó tí ó wà lọ́wọ́ kò lè ra ju nǹkan kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ ibi tí ó ń dùn ún. Nígbà tí ó bá ń wọ́ gan-an, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, kí ẹ sì wo Memory àti Disk. Bí Disk bá dúró sórí 100% nígbà tí Memory ṣì ní àyè, hard disk ni ó ń dá iṣẹ́ dúró. Bí Memory bá ti kọjá 90%, RAM ni kò tó. Bí méjèèjì bá kún, àìtó RAM ni ó ń mú kí Windows máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sórí hard disk, tí ìyẹn náà kò sì lè gbé e. Aago tí ó ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ kò ju ọ̀rọ̀ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 lọ. Mo ti rí ẹni tí ó fẹ́ ta kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nítorí pé àwọn ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣí mọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí kò tọ̀nà lórí aago ni ó fà á.

Bí a bá gbé SSD (ibi ìtọ́jú fáìlì tí a fi ń rọ́pò hard disk) àti RAM síwájú ara wọn, SSD ni mo máa ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ rà. Hard disk tí ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan sábà máa ń ka nǹkan bí 100 sí 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí SSD SATA (irú tí ń lo okùn kan náà bíi ti hard disk) ń ka nǹkan bí 500 MB. Síbẹ̀, ibi tí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù ni orí àwọn fáìlì kéékèèké tí Windows ń kà nígbà tí ó bá ń tan: orí tí ń ka hard disk gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń rìn nínú SSD. Ó tún ń dín ìnira àìtó RAM kù, nítorí pé ẹrù tí Windows bá kó síta yóò bọ́ sí ibi tí ó yára. Èyí tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 2.5, tí ó jẹ́ 240GB tàbí 256GB, ti tó. Ẹ má ra irú M.2, tí ó rí bíi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé 7010 kò ní ojú ibi tí a ń kì í bọ̀. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo, ètò tí ń sọ bí ara disk ṣe le sí, yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín kí ẹ tó sanwó.

RAM ni ó tẹ̀lé e, láti 4GB sí 8GB, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irú mìíràn ju DDR3 lọ. Ibí yìí ni mo ti jìyà rí. Ọlọ́jà kan tà mí ní RAM tí ó wọ ojú ihò rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, tí owó rẹ̀ sì rọjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tan, ọlọ́jà náà kò sì gbà á padà lọ́wọ́ mi. RAM server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, ni ó tà fún mi. Àwọn méjèèjì ní ẹsẹ̀ 240, nítorí náà ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi kí ẹ ka lẹ́bẹ́ẹ̀lì: PC3-12800U ni ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, PC3-12800R ni ti server. Bí Windows tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti 32-bit, RAM tí ẹ bá fi kún 4GB kò ní wúlò títí ẹ ó fi gbé ti 64-bit sí i.

Processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, lè dúró ná. Ẹni tí ó ní Core i3-3220 lè fi i5-3470 rọ́pò rẹ̀ láìpààrọ̀ motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́), ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi Word àti Chrome ṣiṣẹ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ bí hard disk àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè tí ó le jù ni bóyá kí a tilẹ̀ tún 7010 ṣe, tàbí kí a fi owó náà kún owó ẹ̀rọ tí ó ní processor Intel ìran kẹjọ, bí OptiPlex 3060 tí ó jáde ní ọdún 2018. Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, processor 7010 kò sì sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11, nígbà tí ti ìran kẹjọ wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ tí ó ń tẹ ìwé, tí ó sì ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè gbé Linux Mint, ètò tí a lè fi rọ́pò Windows, sórí 7010 lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì máa lò ó lọ. Ẹni tí ó ń fi CorelDRAW, ètò ìyàwòrán, jẹun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé Windows àti Mac ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe Linux. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ó fara da ìwọ́ra náà fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú owó fún 3060.

RAM DDR3 tí ẹ bá rà lónìí kò lè wọ inú 3060, nítorí pé DDR4 ni ìyẹn ń lò. SSD ní tirẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí motherboard 7010 bá kú lọ́la, ẹ má ṣe fi owó àtúnṣe lé e lórí. Ẹ tú SSD yín jáde, kí ẹ sì gbé e dání lọ sọ́jà.