Oṣù mọ́kànlá pẹ̀lú sìkánà báàkóòdù nínú ṣọ́ọ̀bù mi l'Òjóò

Kí n tó ra sìkánà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka báàkóòdù (ìlà dúdú àti funfun tó wà lára ọjà), ọwọ́ ni mo fi ń tẹ iye owó ọjà kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó ń bá mi tajà á gbé ọjà sókè, á pe iye rẹ̀, èmi á tẹ̀ ẹ́. Bí ìka mi bá ṣèèṣì fo òdo kan, páálí núdù ₦7,500 ti di ₦750 nìyẹn. Oníbàárà á ti lọ, a ò sì ní mọ̀ títí di alẹ́ tí a bá ń ka owó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú Kérésì, owó tó gba ọ̀nà yìí lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi tó ₦31,000. Mo mọ̀ nítorí pé mo jókòó fi rìsíìtì kọ̀ọ̀kan wé ìwé tí mo kọ owó ọjà sí. Ojú mi ṣú lọ́jọ́ yẹn.

Ọjà inú ilé àti oúnjẹ ni mò ń tà, l'Òjóò, n'Ìbàdàn. Àwọn tá a jọ ń tajà máa ń bi mí bóyá sìkánà tó owó tí wọ́n ń pè é. Méjì ni mo ti rà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦18,500, mo sì lò ó fún bí oṣù márùn-ún. Èkejì jẹ́ ₦46,000, òun ló wà lọ́wọ́ mi láti oṣù mọ́kànlá. N ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, torí irú wọn pọ̀ lọ́jà lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi. Ohun tí irú kọ̀ọ̀kan lè ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ olókùn, irú èyí tó ń tan ìlà iná pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Iná yẹn á bọ́ sórí ìlà dúdú àti funfun tó wà lára ọjà. Ibi tó funfun á dá iná padà, ibi tó dúdú á gbé e mì, ojú kékeré kan nínú ẹ̀rọ náà á sì máa wo ibi tí iná ti padà wá àti ibi tí kò ti padà, bí ìlà kan ṣe fẹ̀ tó àti bí òmíràn ṣe tínrín tó. Ohun tó bá rí ló ń sọ di nọ́ńbà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti ké "píì", nọ́ńbà ti wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ṣe JAMB nígbà tá a ṣì ń fi pẹ́ńsù HB kun bébà ìdáhùn ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀rọ yìí pàdé láìmọ̀. Ibi tá a kun ṣókùnkùn, ibi tá a ò kun mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ sì ń kà á láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó tẹ ìdáhùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí páálí àti agolo. Àmọ́ ìyá kan wà tó ń gbé kúlíkúlí àti ẹ̀pà sísun wá fún mi. Wọ́n ṣe lébẹ̀lì tuntun, ó pupa fòò, ó lẹ́wà, báàkóòdù orí rẹ̀ náà sì jẹ́ ìlà pupa lórí funfun. Sìkánà mi kò rí i rárá. A yí ọ̀rá náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, a nù ún, a sún ẹ̀rọ mọ́ ọn, kò dún. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Iná pupa ni ẹ̀rọ náà ń lò, inki pupa sì ń dá iná pupa padà bí bébà funfun ṣe ń dá a padà, nítorí náà bébà òfìfo ló ń rí. Àánú ìyá náà ṣe mí, torí wọ́n ti tẹ lébẹ̀lì rẹpẹtẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ọjà tí ẹ̀ ń gbé fún wa tà, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí atẹ̀wé tẹ báàkóòdù yín ní pupa tàbí ní àwọ̀ ọsàn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ dúdú lórí funfun.

Èkejì kò ní okùn. Kámẹ́rà kékeré ló wà lẹ́nu rẹ̀. Àwòrán ló ń yà, inú àwòrán yẹn ló ti ń wá báàkóòdù. Ìyẹn ni kò fi bìkítà bí ọjà bá dorí kodò tàbí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó ń ka èyí tó wà lójú fóònù, tí ti àkọ́kọ́ ò lè kà. Ó ń ka lébẹ̀lì pupa ìyá ẹlẹ́pà náà, nítorí iná funfun ló ń tàn. Ó sì ń ka onígun mẹ́rin, ìyẹn QR, tí ilé-iṣẹ́ Denso Wave ní Japan gbé jáde ní ọdún 1994 láti máa fi tọpa ẹ̀yà ara ọkọ̀. Wọ́n ṣe QR lọ́nà pé bí ibì kan bá ya tàbí tó dọ̀tí lára rẹ̀, a ṣì lè rí i kà. Èyí tí wọ́n bá ṣe kó le jù lè pàdánù tó ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi, QR kò tíì wúlò púpọ̀. Aládùúgbò mi tó ń ta oògùn ló nílò irú èyí gidi, nítorí àwọn páálí oògùn kan ní onígun mẹ́rin kékeré tó gbé ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ sínú ara rẹ̀.

Báàkóòdù ọjà tèmi kò gbé ọjọ́ kankan. Àwọn oníbàárà mi rò pé bí ẹ̀rọ bá ti dún "píì", ó ti wò ó pé ọjà náà kò tíì bàjẹ́. Rárá o. Báàkóòdù onílà tó wà lára agolo kò mọ ọjọ́, kò sì mọ owó. Nọ́ńbà mẹ́tàlá péré ló wà níbẹ̀, tó ń sọ irú ọjà tó jẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń fi nọ́ńbà yẹn wá orúkọ àti owó nínú ìwé tí èmi fúnra mi ti kọ sínú rẹ̀. Bí mo bá kọ owó mílíìkì sí ti sàdíìnì, ẹ̀rọ á máa tà á bẹ́ẹ̀ láìṣojo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọjà tó lé ní 900 sínú rẹ̀, lálaalẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó sọ apá yìí fún mi nígbà tí mò ń ra ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ òun ló gba agbára mi jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ 615. Àwọn kan ń sọ fún mi pé tí nọ́ńbà bá ti fi 615 bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe ọjà náà. Ohun tí 615 ń sọ ni pé ọ̀dọ̀ GS1 ti Nàìjíríà, àjọ tó ń pín nọ́ńbà báàkóòdù, ni ilé-iṣẹ́ náà ti gba nọ́ńbà. Ọjà náà lè ti ibòmíràn wá. Kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC, ìyẹn lọ́tọ̀.

Ìlànà báàkóòdù yìí kì í ṣe tuntun. Norman Joseph Woodland àti Bernard Silver ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní ọdún 1952, lẹ́yìn tí Woodland fi ìka fa ìlà sórí iyanrìn etíkun Miami, tó ń ronú nípa àmì Morse, tí wọ́n ń fi kókó àti ìlà kọ ọ̀rọ̀. Ó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1974 kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ ka irú báàkóòdù tá a mọ̀ lónìí lára ọjà tí wọ́n fẹ́ tà, ní Troy, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ṣingọ́ọ̀mù Wrigley's Juicy Fruit ni, 67 sẹ́ǹtì. Nígbà tí mo kà á, inú mi dùn pé irú nǹkan kéékèèké tí mò ń tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Gàrí, ẹ̀wà, èlùbọ́ àti epo pupa kò ní báàkóòdù o. Kóńgò àti ìgò la fi ń tà wọ́n. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ lébẹ̀lì, mo sì fún wọn ní nọ́ńbà tèmi. Àwọn nọ́ńbà tó fi 20 títí dé 29 bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé ìtajà, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ máa bá tèmi fara gbún. Gàrí Ìjẹ̀bú mi ni 2000000000176.

Ẹ wo 6 tó wà nípẹ̀kun yẹn. Èmi kọ́ ni mo yàn án. Ṣe ni wọ́n ń kà láti òsì: nọ́ńbà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n dúró bí wọ́n ṣe wà, ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà, bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́ta. Nínú ti gàrí mi, 2 àti 1 dúró, 7 di 21, àpapọ̀ wọn jẹ́ 24. Ohun tó kù kó tó pé 30 ni 6. Nígbàkúùgbà tí sìkánà bá ka báàkóòdù, á ṣe ìṣirò yìí kó tó dún. Bí lébẹ̀lì bá ti họ tí nọ́ńbà kan sì yí padà, ìṣirò kò ní bára mu, ẹ̀rọ kò sì ní dún. Láti oṣù mọ́kànlá, kò tíì ka ọjà kan pe òmíràn fún mi rí, ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìka èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹni tó tà á fún mi ti sọ. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé sìkánà ni wọ́n so mọ́ òun. Kíbọ́ọ̀dù ló pè é. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dún, ohun tó ṣe ni pé ó tẹ nọ́ńbà 13 bí ẹni tí ìka rẹ̀ yá, ó sì tẹ Enter lé e. Ibi tí igi kékeré tó ń ṣẹ́jú bá wà lójú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ní Sátidé kan tí èrò pọ̀, ọmọ tó ń bá mi tajà fẹ́ kọ ọ́ pé Alhaja kan ra kóńgò gàrí mẹ́ta. Ó ti tẹ àpótí iye kóńgò, ló bá tún fa sìkánà sí gàrí. Nọ́ńbà gàrí kó sínú àpótí yẹn, kọ̀ǹpútà sì gbà pé a ta kóńgò 2,000,000,000,176. Rìsíìtì ti jáde kó tó pariwo pè mí. Alhaja wo owó tó wà lórí bébà náà, wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n ní àwọn á padà wá. Ọjọ́ méjì ni mo fi tún àkọsílẹ̀ gàrí ṣe. Lẹ́yìn náà mo wọ ibi ètò sọ́fítíwíà tá a fi ń tajà, mo ní kó má gba iye tó bá ju 500 lọ láìbéèrè, kí igi náà sì máa padà sí àpótí ọjà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù yìí náà ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi tó ń tajà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n ra irú sìkánà mi, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wọn, dípò nọ́ńbà, àmì bíi &, é àti " ló ń tò sójú rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ dá a padà. Ti Faransé ni kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà wọn, lórí irú rẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ di Shift mú kí nọ́ńbà tó jáde, sìkánà sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ti Amẹ́ríkà ni. Ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ náà wá kún fún báàkóòdù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ àṣẹ tí ẹ lè kà fún un. Mo ní kí wọ́n wá ojú ewé èdè kíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n ka èyí tí wọ́n kọ French sí. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn kúrò lọ́wọ́ ọmọdé o, nítorí àṣẹ tí wọ́n bá fi ṣeré kà, ẹ̀rọ á gbà á.

Ní ìparí oṣù, mo máa ń gbé e wọ yàrá ẹrù. Ó jìnnà sí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú ohun tó bá kà sínú ara rẹ̀, á sì tú u sílẹ̀ tí mo bá padà dé iwájú. Kíka ẹrù tó ń gbà wá ní odidi ọjọ́ Àìkú kan kò gbà ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ mọ́. Ẹ kàn rántí pé báàkóòdù ara páálí ńlá sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ẹyọ tó wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rìnlá dípò mẹ́tàlá. Ẹ kọ méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹyọ mélòó ló wà nínú páálí.

Ohun tí kò dára nípa rẹ̀ kò ṣàìsí. Bátìrì rẹ̀ ń gbé ọjọ́ méjì àbọ̀, nígbà tó ṣì tuntun ó ń gbé mẹ́rin. Ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbọ́dọ̀ nu omi ara rẹ̀ kúrò. Ọ̀rá tó ń dán náà, àyàfi tí ẹ bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí iná má baà tàn padà sí i lójú. Rọ́bà ibi tí a ti ń fà á ti ń bó. Lébẹ̀lì tí mò ń tẹ̀ fúnra mi jẹ́ irú èyí tí ooru ń kọ láìlo inki, oòrùn ẹnu ọ̀nà sì ń pa á rẹ́ láàárín oṣù méjì. Mo ti kó gàrí sẹ́yìn nítorí rẹ̀.

Bí ọjà yín kò bá ju ọgọ́rùn-ún irú lọ, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ páálí àti agolo, ti ₦18,500 tó yín. Bí ẹ bá ń ta nǹkan ọlọ́ràá púpọ̀, tàbí oògùn, tàbí tí ẹ ní yàrá ẹrù, ẹ ra oníkámẹ́rà. Owó tí ń yàtọ̀ nínú àpótí mi lálẹ́ báyìí kì í ju ₦200 tàbí ₦300 lọ, ṣéńjì ló sì ń fà á.

Ohun tí mò ń fi owó pamọ́ fún báyìí ni òṣùwọ̀n tó ń tẹ lébẹ̀lì fúnra rẹ̀, tó ń fi bí ọjà ṣe wúwo tó sínú báàkóòdù, kí n lè máa ta ẹran àti ẹja dídì láìṣírò lórí. Mo ti rí ọ̀kan ní Dùgbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé sìkánà mi wá lọ́jọ́ Ajé, ká wò ó bóyá á lè ka lébẹ̀lì rẹ̀.