Headspace àti Calm: iṣẹ́ wọn dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ owó yín

Áàpù orí fóònù tó ń mú kí ọkàn balẹ̀ ni Headspace àti Calm. Ẹni tí kì í rí oorun sùn á gbádùn Calm. Ẹ̀kọ́ mímí inú Headspace kò gùn, ó sì wúlò fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Bí wọ́n ṣe ń gba owó ló ń bí àwọn èèyàn nínú.

Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 69.99 ni Headspace ń gbà lọ́dún. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 105,000, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tàbí oníṣòwò Dùgbẹ̀ tó bá ní ó wọ́n kò purọ́. Iye tó hàn lójú fóònù yín lè yàtọ̀ sí èyí. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Ìdánwò ọ̀fẹ́, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ lè fi lo áàpù láìsanwó, ni ẹ̀tàn ti pọ̀ jù. Headspace ń fúnni ní ọjọ́ 7 fún olóṣooṣù, ọjọ́ 14 fún ọlọ́dọọdún, àmọ́ ẹ ti ní láti fi káàdì sílẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, tó bá jẹ́ ti ọlọ́dọọdún, owó ọdún kan gbáko á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ìdààmú ọkàn bá, ta ló fẹ́ kó máa ka ọjọ́? Kò dára rárá.

Ọ̀pọ̀ á pa áàpù rẹ́, wọ́n á rò pé ó ti tán. Kò tán, torí ọ̀dọ̀ Google tàbí Apple ni àdéhùn owó wà. Lórí Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún, ẹ wọ "Payments & subscriptions", lẹ́yìn náà "Subscriptions", ẹ yan áàpù náà, kí ẹ wá tẹ "Cancel subscription". Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, lẹ́yìn náà "Subscriptions". Ẹ ṣe é ó kéré tán wákàtí 24 kí ìdánwò tó parí. Ẹni tó sanwó lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ibẹ̀ náà ni kó padà sí. Bí Google bá ti yọ owó, ẹ tètè béèrè rẹ̀ padà láàárín wákàtí 48.

Káàdì tí owó oṣù yín ń wọlé sí kọ́ ni kí ẹ lò.

Insight Timer, áàpù míì bíi tiwọn, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí kò gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìdààmú náà bá sì ju ohun tí áàpù lè gbé lọ, ẹ̀ka ìlera ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn.