Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń wá ẹ́límẹ́ǹtì kiln ní Òṣogbo

Ẹ̀yin amọ̀kòkò àti gbogbo ẹni tó ní kiln oníná (ààrò tí a fi ń sun ìkòkò) àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fowó ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń polówó “Kanthal A-1 tuntun” (wáyà tí a fi ń ṣe ẹ́límẹ́ǹtì, ìyẹn kọ́ìlì tó ń gbóná nínú kiln) kiri WhatsApp àwa oníṣẹ́ ọnà. Ó ní ẹ̀bá Ọláìyá lòun wà. Àwa tí a wá a débẹ̀ kò rí ṣọ́ọ̀bù kankan. Ọlọ́kadà ló ń fi ọjà rán, owó ló sì ń kọ́kọ́ gbà. Mi ò dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ tó sọ fún ọ̀gá wa kan ní Òkè-Fìà kọ́ ló sọ fún èmi. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀.

Á ní kí ẹ gbé ẹ́límẹ́ǹtì yín tó já wá ṣe sáńpù. Ó jọ ọ̀rọ̀ gidi, torí tókúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kiln wa, kò sì rọrùn láti ra páàtì rẹ̀ láìfi ti àtijọ́ wé e. Ṣùgbọ́n sáńpù yẹn kì í padà wá. Mo fura pé ńṣe ló ń ha á kó lè dán, tó ń tún un ká, tó sì ń tà á fún ẹlòmíràn. Èyí tó fi rán sí mi, mo rọra tẹ ìdí rẹ̀ báyìí, ó ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Kanthal tó ti rí iná rí ló ń ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá tutù. Tuntun a máa tẹ̀ ni.

Òmíràn tó ń tà kì í tilẹ̀ ṣe Kanthal, nichrome ni, oríṣi wáyà mìíràn tó ń gbóná. Nichrome dára nínú sítóófù oníná, àmọ́ èyí tó lágbára jù nínú rẹ̀ kò kọjá nǹkan bí 1,200°C, nígbà tí Kanthal A-1 ń dé 1,400°C. Wáyà fúnra rẹ̀ sì máa ń gbóná ju inú kiln lọ. Ẹni tó bá fi sun stoneware (ìkòkò líle tó ń fẹ́ ooru gíga), kó má retí pé yóò pẹ́. Ẹ mú òòfà dání, kódà èyí tí ẹ yọ lára sípíkà tó bàjẹ́. Òòfà ń fa Kanthal, kì í fa nichrome 80/20 (nickel 80, chromium 20). (Á fa wáyà irin lásán náà o, torí náà ẹ má fi òòfà nìkan ṣe ẹ̀rí.)

Mítà tó ń wọn ohm (bí wáyà ṣe ń dènà iná tó) ló ń tú àṣírí tó kù. Ẹ wo volt àti watt tí wọ́n kọ sára kiln. Èyí tó jẹ́ 3,000 watt lórí 240 volt, nǹkan bí 19 ohm ló yẹ kí ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ lápapọ̀. 12 ohm ni wọ́n gbé wá fún ọ̀gá Òkè-Fìà. Kiln tó yẹ kó fa amp 12 àti àbọ̀ wá ń fa 20, kọ́ńtákítọ̀ rẹ̀ (súìsì tó ń gbé iná fún ẹ́límẹ́ǹtì) sì jó. Ẹ yọ kiln kúrò lára iná pátápátá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má wí pé NEPA ti mú iná lọ, wọn kì í sọ fúnni kí wọ́n tó mú un dé.

Ó ń ta thermocouple náà, ìyẹn wáyà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ bí inú kiln ṣe gbóná tó. K ló kọ sára rẹ̀, type J ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ṣètò fún K á kọ 1,200°C nígbà tí inú kiln kò tíì dé 900°C, glaze (ohun tó ń dà bíi dígí lára ìkòkò) kò sì ní yọ́. Ẹ fi cone (amọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ bí ooru bá tó) sínú kiln lọ́jọ́ àkọ́kọ́, irọ́ á hàn.

Ní tèmi, ó sàn kí ẹ ra wáyà ní mítà-mítà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ rí ojú rẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n níwájú rẹ̀, kí ẹ tó wá sanwó, kí ẹ sì gbé e fún àwọn tó ń ká kọ́ìlì.

Ẹni tó ti sanwó fún un, kó má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp wọn rẹ́. A ń kó ẹ̀rí jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nọ́ńbà àkáǹtì tó fi gbowó ni a nílò jù, torí òun nìkan ni kò tíì pààrọ̀.