Wáyà lifeline lórí ọkọ̀ ìgbòkun kékeré: mo ti lò ó fún ọdún méjì, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹlòmíì tó lọ náwó ẹ̀ síbi tí ò yẹ. Ọkọ̀ ìgbòkun mi ò ju fíìtì 22 lọ, ó ní yàrá kótópó kan nínú tí èèyàn méjì lè sùn sí tí wọn ò bá ń jà, ó sì ti pé ọdún méjì báyìí tí mo ti ta wáyà lifeline yí i ká, torí gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ pé háà, o ò ní lifeline, ṣé o fẹ́ kú ni. Mo bá rà á. Sítáà mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un, ìdí tí ò fi gba márùn-ún kì í sì ṣe ẹ̀bi wáyà náà nìkan o, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ gbọ́.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, òpó irin kéékèèké ni wọ́n máa ń dè mọ́ etí ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á wá ki wáyà bọ ihò orí wọn láti iwájú ọkọ̀ dé ìdí, bí ìgbà tí èèyàn bá fi wáyà sọgbà, kéèyàn má bàa ré sómi. Òpó mẹ́fà ló bá tèmi wá, wáyà mìlímítà 4, àti àwọn ìkọ́ tí wọ́n fi ń fà á le. Irin 316 ni gbogbo ẹ̀, èyí tí omi iyọ̀ ò tètè jẹ, òótọ́ ni wọ́n sì sọ, ó ṣì ń dán títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wáyà lásán ni mo rà, mi ò ra èyí tí wọ́n fi rọ́bà funfun bò. Ẹ má jẹ́ kí funfun yẹn tàn yín rárá, omi máa ń gba ẹnu ẹ̀ wọlé, kò ní ráyè jáde, atẹ́gùn ò ní dé ara irin yẹn, ó wá ń jẹra nínú níbẹ̀ láìsẹ́ni tó rí i, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn tì í ló máa já.

Ọ̀rọ̀ wá kan gíga ẹ̀. Nínú òfin tí World Sailing, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ ìgbòkun lágbàáyé, ṣe fún àwọn tó ń bára wọn díje lójú òkun, wáyà òkè gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán, àmọ́ wọ́n gba ọkọ̀ tí ò tó mítà 8.5 láyè láti lo wáyà kan ṣoṣo tó wà láàárín 45 sí 56. Tèmi jẹ́ 45. Ẹ mú rúlà kẹ́ ẹ wọn 45 sára ẹsẹ̀ yín. Ṣé ẹ rí i? Ìsàlẹ̀ orúnkún ni! Kí wá ni wáyà tó wà nísàlẹ̀ orúnkún fẹ́ dá dúró lára èèyàn tó dúró ṣánṣán?

Ọ̀rẹ́ mi kan ló jẹ́ kó yé mi. Géńdé ni, ó ga, ó dìde lọ síwájú láti lọ sọ ìgbòkun kékeré kalẹ̀, ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì kan kọjá, ìgbì tó dá sílẹ̀ gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ sì yẹ̀. Bí kò bá sí wáyà, ó ṣeé ṣe kó kàn jókòó lé ìdí. Àmọ́ wáyà gbá a mú ní ojúgun, ẹsẹ̀ dúró, ara ń lọ, ó dorí kodò, mo kàn gbọ́ gbìm nínú omi. Ohun tí mo rà pé kó má jẹ́ kí èèyàn ṣubú ló gbé e ṣubú. Ọpẹ́lọpẹ́ lifejacket tó wọ̀.

Kẹ́ ẹ wá wo wàhálà àtifà á wọlé. Ẹni tó bá rò pé òun á kàn nawọ́ fa èèyàn sínú ọkọ̀, kó lọ dán an wò pẹ̀lú géńdé tí aṣọ ẹ̀ ti mumi yó. Wáyà yẹn tún wá dí wa lọ́nà, a ò lè gbé e gba òkè wáyà, a ò lè fà á gba abẹ́ ẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìkọ́ tó yẹ kí n ṣí láti sọ wáyà sílẹ̀ ti le gbagidi torí mi ò fi epo sí i láti ìgbà tí mo ti rà á (ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà). Nígbà tó yá ni mo fi okùn ṣe kókó ńlá kan tó ki ẹsẹ̀ bọ̀, ló bá gùn ún bí àkàbà. Láti ọjọ́ yẹn, okùn tín-ín-rín ni mo fi so ìdí wáyà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, mo wé e lọ wé e bọ̀ dáadáa, òfin wọn gan-an gba èèyàn láyè láti lò ó tí àlàfo tó dí ò bá ti ju mìlímítà 100 lọ. Tí ẹnì kan bá tún ré sómi, ọ̀bẹ ni mo máa fi gé e lẹ́ẹ̀kan, wáyà á sì tú. Mo sì ra àkàbà tí ẹni tó wà nínú omi lè nawọ́ fà wálẹ̀ fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan nínú àkàbà àti wáyà, àkàbà ni mo máa mú, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Sítáà kejì tí mo yọ, ti ìdè ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tó bá mi dè é kàn lu ihò sójú ọkọ̀, ó ki bóòtù bọ̀ ọ́, ó fi wáṣà kékeré sábẹ́, ó gbowó, ó lọ. Àpò tí ọjà yẹn bá wá ò sì ní irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó wà lábẹ́ nínú, ohun tó bí mi nínú sí ọjà náà nìyẹn, torí ìṣirò ẹ̀ ò le: òpó tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, tí bóòtù ìsàlẹ̀ ẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà síra, tẹ́ ẹ bá fi agbára 20 kílò péré ti orí ẹ̀, 180 kílò ló máa fa bóòtù yẹn. Wáṣà wo ló fẹ́ gba ìyẹn dúró? Ìgbà tó máa tó oṣù mẹ́fà, òpó méjì ti ń mì, omi ti ń gba ihò wọlé, igi balsa tó wà láàárín fáíbà ojú ọkọ̀ sì ti ń rà. Mo tú gbogbo ẹ̀, mo gbẹ́ èyí tó rà kúrò, mo fi epoxy (gúlù tó máa ń le bí òkúta) dí i, mo tún ihò lu, mo wá fi irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ṣé ó wá pọndandan? Ọkọ̀ kéékèèké tí ò ní yàrá, bí Optimist tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé, tàbí Laser, kò ní wáyà, kò sì nílò ẹ̀, ẹni tó ń tù ú máa ń yọ ara síta láti fi wúwo mú ọkọ̀ dúró ni, tó bá sì dojú dé wọ́n á dá a padà, wọ́n á gùn ún. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ bíi tèmi, ohun tí mo rí ni pé wáyà 45 yìí ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá ń rákò. Tí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀, ìbàdí ló bá mi, ó gbà mí dúró gidi, kì í sì í jẹ́ kí ìgbòkun tí mo sọ kalẹ̀ wọ́ sómi. Tí mo bá dìde dúró, ìkẹ́kùn ni.

Okùn tí mo ń so mọ́ra gan-an ló gba sítáà márùn-ún lọ́wọ́ mi. Mo ta bẹ́líìtì polyester pẹlẹbẹ kan gba àárín ojú ọkọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, (nylon máa ń fà, ẹ má lò ó), mo ń fi ìkọ́ okùn àyà mi há a. Ẹ má fi há wáyà etí ọkọ̀ láé o, wọn ò ṣe é fún ìyẹn. Kẹ́ ẹ sì ra okùn tó ní ẹsẹ̀ méjì, mítà 2 àti mítà 1, torí lórí ọkọ̀ tí ò fẹ̀, mítà 2 máa jẹ́ kẹ́ ẹ bára yín nínú omi tí ọkọ̀ á máa wọ́ yín lọ. Ìkọ́ náà ẹ máa wò ó dáadáa: nínú ìdíje Clipper, èyí tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé ká, ní 2017, ìkọ́ ọkùnrin kan há sábẹ́ irin kan lójú ọkọ̀, ó tẹ̀, ó ṣí, ọkùnrin náà ò sì yè é. Éric Tabarly gan-an ńkọ́, ọ̀gá àwọn atukọ̀ Faransé, òru kan ní oṣù kẹfà 1998 ló ti orí ọkọ̀ ẹ̀, Pen Duick, ré sómi nígbà tí wọ́n ń dín ìgbòkun kù, ọkọ̀ tó mọ̀ bí ẹní mọ owó.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń bá mi jáde. Ó ti ń rákò báyìí, géńdé bẹ́ẹ̀, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ oṣù mẹ́jọ ni, kò dá wa lóhùn rí.