Ohun tí yóò pa ariwo Mazda MX-5 àtijọ́ lẹ́nu mọ́: ẹ fi wọ́n wéra kí ẹ tó nawó

Láti ọdún 1989 títí di 2005 ni Mazda MX-5 ìran kìíní àti ìkejì jáde, àwọn tí olólùfẹ́ wọn ń pè ní NA àti NB. Òrùlé aṣọ ni wọ́n ní, kò sí páànù lókè tó di ọkọ̀ mú ṣinṣin. Bí táyà bá ti já sí kòtò, gbogbo ara á gbọ̀n, ilẹ̀kùn á han, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni ń ta ayò.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kó ẹrù inú búùtù jáde, títí kan jáàkì, kí ẹ wa ọkọ̀ náà gba ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ pa òrùlé dé lọ, ẹ ṣí i bọ̀. Bí ariwo bá dákẹ́ nígbà tí ẹ ṣí òrùlé, rọ́bà àti ìkọ́ òrùlé lẹ ó bá ṣẹjọ́. Bó bá jẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ló ń dún gbà! gbà! nígbàkúùgbà tí ẹ bá já sí gegele, kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ìyẹn oríkèé tó so táyà mọ́ apá irin abẹ́ ọkọ̀, wò. Bí ìyẹn bá já lórí eré, ọ̀rọ̀ ti kọjá ariwo. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

WD-40, gíríìsì sílíkóònù, àbí Gummi Pflege?

WD-40 ni gbogbo ènìyàn ní nílé. Lílé omi kúrò lára irin ni wọ́n ṣe é fún ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1953, iṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Lára rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, á pa ariwo fún ọjọ́ díẹ̀, á gbẹ, ariwo á tún dé. Epo inú rẹ̀ kò tilẹ̀ bá irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ rẹ́. Èmi kò ní fi kàn án.

Gíríìsì sílíkóònù kì í ba rọ́bà jẹ́, òjò kì í sì í tètè fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ fi ìka pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nù ún. Ó máa ń yí aṣọ ṣá o. Bí ẹ bá sì fẹ́ kun ọkọ̀ yín láìpẹ́, ẹ má jẹ́ kó kan páànù, torí ọ̀dà kì í dúró lórí sílíkóònù. Gummi Pflege, omi ìtọ́jú rọ́bà ti àwọn ará Jámánì, ní kànrìnkàn lẹ́nu ìgò rẹ̀, kì í yí aṣọ tó bá ti gbẹ, àmọ́ ẹ ó máa tún un fi ni. Ẹni tó bá ń wọ agbádá funfun wọnú ọkọ̀ yìí (bó bá rọ́nà wọlé) kó ra ìyẹn fún ilẹ̀kùn, kó fi gíríìsì sí ìkọ́ òrùlé. Gíríìsì kan tó ń jẹ́ Krytox pẹ́ ju méjèèjì lọ, àmọ́ owó rẹ̀ á mú yín mí kanlẹ̀.

Fún dáṣíbọ́ọ̀dù, téépù onírun bíi ti Tesa ni kí ẹ rà, kì í ṣe fóòmù. Ooru a máa sọ fóòmù di ẹ̀rún bí àkàrà àná. Bí irin pẹlẹbẹ tó ń gba ooru lára páìpù èéfín bá sì ń dún wìrìwìrì, ìpẹtà ti jẹ ihò bóòtù rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ra tuntun. Kílíìpù páìpù kan tó fẹ̀ á so ó mọ́lẹ̀.

Búṣìn rọ́bà àbí ti polyurethane?

Búṣìn ni ìrọ̀rí kékeré tó wà níbi tí apá irin tó gbé táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀. Ibí ni owó gidi ń bá lọ. Ẹni tó ń tà á á ní polyurethane, irú ike kan, le ju rọ́bà lọ, ọkọ̀ á sì máa yí kọ́nà bí ológbò. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà tó bá ọkọ̀ wá lẹ̀ mọ́ irin inú àti irin òde. Bí táyà bá ń lọ sókè sódò, rọ́bà náà ló ń lọ́, nǹkan kan kò ha ara wọn. Polyurethane kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan: irin ń yí nínú rẹ̀, gíríìsì tó bá a wá nínú páálí ni kò jẹ́ kó ké. Bí gíríìsì bá tán, ẹ ó gbọ́ igbe bíi ti ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, ẹ ó sì tún tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ẹni tó ń lọ sáré lórí pápá ìje, kó ra polyurethane. Ó tilẹ̀ rọrùn láti tì wọlé. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lójú títì, rọ́bà ni mo fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n á fi yọ ti àtijọ́. Kí mẹkáníìkì má fún bóòtù rẹ̀ pinpin nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ dirodiro lókè. Kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà ná; láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lílọ́ ni rọ́bà yóò wà láti ọjọ́ kìíní, kò sì ní pẹ́ ya. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.