Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ: ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá

Ẹni tó bá ra The History of the Yorubas, tó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní, àfàìmọ̀ kó má pa á tì kó tó dé ibi tó dùn. Àlàyé lórí álífábẹ́ẹ̀tì àti gírámà ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Bó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, Lámurúdu àti Mẹ́kà ló kàn. Ìwé náà lé ní ojú ewé 680, Gẹ̀ẹ́sì àwọn àlùfáà ayé ìgbà náà ló sì wà nínú rẹ̀, èyí tí gbólóhùn kan ṣoṣo lè gba ìlà márùn-ún. Ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn ni ìmọ̀ràn tèmi. Ẹ lọ síbi ìgbà kẹrin nínú apá kejì, níbi tí ogun Ìjàyè ti 1860 sí 1862 wà, kí ẹ kà á dé òpin ogun Kírìjì tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ jà, ní 1893, kí ẹ tó padà síwájú.

Ìdí ni pé ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti ṣojú òǹkọ̀wé. Hastings ní Sàró ni wọ́n ti bí Johnson ní 1846. Ó bá àwọn òbí rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1858, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti ṣe tíṣà, kó tó di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí Kírìjì ò tán bọ̀rọ̀, òun ni Aláàfin Adéyẹmí rán níṣẹ́ sí gómìnà Èkó. Ní 1886, òun àti Charles Phillips ló gbé ọ̀rọ̀ àdéhùn àlàáfíà lọ sí bùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀. Ẹ lajú yín síbẹ̀ o: bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ṣe dárúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá fura kò ní mọ̀ pé òǹkọ̀wé gan-an ni Johnson tó ń ti bùdó dé bùdó yẹn.

Ẹ wo ibi tó ti sọ̀rọ̀ Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ti orí ìtàgé àti fíìmù ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ìkà obìnrin tí kò fẹ́ rí oyún lára ẹrú. Johnson ò fi ìyẹn pamọ́. Ó sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860, àtìgbà náà ni ìwà rẹ̀ sì ti yí padà. Àmọ́ nígbà tó dórí ìdí tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, fi rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ló kà sílẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìkà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ kí i kú àbọ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Ẹrú tó wà lóko rẹ̀ nìkan, wọ́n ní kò dín ní 2,000. Ẹ gbé iye yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sùn mẹ́ta náà, ẹ óò rí ohun tó ń ba Ààrẹ lẹ́rù. Kúmúyìílọ, ọmọ tí ìyá náà gbà tọ́, ni wọ́n gbà mú un, àwọn ẹrú rẹ̀ ló sì pa á lóru nínú iyàrá rẹ̀. Eré orí ìtàgé ò lè rí gbogbo èyí rò.

Ìgbà àárín, láti Baṣọ̀run Gáà dé Àfọ̀njá, dùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Aláàfin Aólẹ̀ ṣépè, ó ta ọfà sí ìhà mẹ́ta, ó la àwo mọ́lẹ̀, ó ní igbá tó fọ́ ṣe é tún ṣe, àwo tó fọ́ kò ṣe é tún ṣe. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹnu tó ti jáde. Àwọn arókin ààfin Ọ̀yọ́ ló sọ ìtàn àwọn ọba fún un. Ó tún dárúkọ David Kukomi àti Josiah Oni ní Ìbàdàn, àti Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ. Ọdún ṣọ̀wọ́n ní apá yìí. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ to orúkọ àwọn ọba sórí bébà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tẹni tó ṣáájú àti tẹni tó tẹ̀lé e yóò dàrú mọ́ yín lójú.

Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi ń wo gbogbo ilẹ̀. Ìtàn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ṣe ṣókí, ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ kò sì dùn sí wọn. Ti Ifẹ̀ ló le jù: ó ní ọmọ obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ, Adìmú, ni ìran Ọ̀ọ̀ni ti ṣẹ̀. Ifẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀, ìjà lórí rẹ̀ ò sì tíì tán dòní. Ní ti Mẹ́kà, wọ́n ń purọ́ mọ́ Johnson díẹ̀ pé ó ní ibẹ̀ la ti wá. Ó kọ ohun tí wọ́n sọ fún un sílẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé Lárúbáwá ni wá; apá òkè Íjíbítì lọkàn rẹ̀ lọ. Fún Kírìjì láti ojú Èkìtì, ẹ fi ìwé S. A. Akintoye tó jáde ní 1971, Revolution and Power Politics in Yorubaland, kún un.

Nínú apá kìn-ín-ní, orí mẹ́ta tó wúlò jù ni ti orúkọ, ti òfin ilẹ̀, àti ti ìṣe àti àṣà. Ìwọ̀fà wà níbẹ̀, bí iṣẹ́ tó ń ṣe ṣe dúró fún èlé, tí owó tí wọ́n yá ò sì dín. Ẹ lè fo ìyókù.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká mọ̀. Ìwé tí a ń kà kọ́ ni Johnson fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí. Ó parí tirẹ̀ ní 1897, ó dọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Ọba, ó sì sọnù. Lẹ́yìn tó kú ní 1901 ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú ìwé àkọsílẹ̀ tó kù. Ọkọ̀ Appam tó gbé ìyẹn lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn ará Jámánì gbà á lójú òkun, Amẹ́ríkà ló já sí. 1921 ló tó jáde, dókítà náà sì ti kú. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ojú ewé kan bá tako ti òmíràn, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n.

Ní ti rírà: ẹ̀dà 1921 tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive. Bí ẹ bá ń wá èèyàn nínú rẹ̀, Latosisa ni kí ẹ tẹ̀ fún Látòósà, Ogedemgbe fún Ògèdèǹgbé. Tí ẹ bá fẹ́ bébà, ẹ ra èyí tó jẹ́ àwòrán ojú ewé ti àtijọ́. Àwọn kan wà tí kọ̀ǹpútà ló ka ọ̀rọ̀ inú wọn tó sì tún un tẹ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà kì í yè é: ọ lè di q, ṣ lè di àmì tí kò sí lára lẹ́tà rárá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà ṣí ibi tí Ṣàngó wà fún yín.